Ọmọ Lọ́wọ́, Ẹrù Lẹ́gbẹ̀ẹ́: Ìmọ̀ràn fún Abiyamọ tí Ń Rìnrìn-àjò

Kò sí bí ìyàwó ilé ṣe lè jókòó sójú kan. Bí kò bá sí ìsìnkú ní ìlú ọkọ, ìkómọjáde yóò wà ní ilé ẹ̀gbọ́n. Bí kò bá sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìyá ẹni yóò ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fojú kan ọmọ-ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kò dọ́gba. Ìmúra tí ó tó fún ìrìn wákàtí méjì kò lè tó fún ọjọ́ márùn-ún nílé ìnáwó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ èrò, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ̀. Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ èrò àti nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ọmọ dúró lójú pópó kí ẹ máa dá ọkọ̀ tí ẹ kò mọ̀ dúró. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù, tí ó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ilẹ̀ kò ní tètè ṣú bá yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá fẹ́ràn ìjókòó iwájú nítorí atẹ́gùn, awakọ̀ pàápàá a sì máa fi bọ̀wọ̀ fún ìyá ọmọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọjá sẹ́yìn. Bí ó bá tẹ bíréékì lójijì, ọmọ orí itan ni yóò kọ́kọ́ fi orí gbá gíláàsì. Ẹ má ṣe fi ìgbànú ọkọ̀ kan ṣoṣo di ara yín pọ̀ mọ́ ti ọmọ, nítorí bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ara ìyá ni yóò tẹ ọmọ mọ́ ìgbànú náà. Ẹ má sì ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn jókòó. Ẹ tú u, kí ẹ fi ọ̀já gbé e sáyà. Ẹni tí wọ́n ní mọ́tò nílé, kí ó ra ìjókòó ọmọdé, kí wọ́n dè é mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Àwọn kan ní àṣejù òyìnbó ni. Ẹni tí ó ń ra aṣọ ẹbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ẹ jọ̀wọ́, lè rà á.

Ìwà kan wà tí ó ń bà mí lẹ́rù: fífún ọmọ ní oògùn ikọ́ tàbí oògùn èébì kí ó lè sùn títí ọkọ̀ yóò fi dé. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí lè dí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lọ́wọ́ láti mí, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sunkún. Èrò ọkọ̀ yóò fara dà á; àwọn náà ṣe ọmọ rí.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tura fún ìyá ọmọ, nítorí a lè dìde rìn nínú rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kí ẹ ṣáà rántí pé Mọ́níyà ni ó ń dúró sí ní Ìbàdàn, ibẹ̀ sì jìnnà sí àárín ìlú. Kí ẹni tí yóò pàdé yín ti dé ibẹ̀ ṣáájú.

Ìrìn-àjò ìnáwó ní ìlú ọkọ ni ó gba ọgbọ́n jù, nítorí ọwọ́ púpọ̀ ni yóò gba ọmọ yín. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ti tó o, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó. Omi wà nínú ọmú. Bí ìyá ọkọ bá gbé omi tàbí àgbo wá, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn lójú àlejò. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ pé, "Ẹ ṣeun, Mà. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi ọmú nìkan bọ́ ọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà," kí ẹ sì gbé ọmọ sọ́mú lójú wọn. N kò tíì rí ìyá àgbà tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ọmọ tí ń fa ọmú dáadáa. Fún ọmọ tí ó ti ń jẹun, oúnjẹ gbígbóná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni. Mọ́ínmọ́ín àná kì í ṣe oúnjẹ ọmọ.

Ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn dání, kí ẹ sì ra ORS díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé tí kò sì sí i, ẹ wá omi mímọ́ lítà kan (ọ̀rá píọ́ wọ́tà 50cl méjì nìyẹn), kí ẹ po ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà mọ́ ọn. Kí ojú ṣíbí dọ́gba, kí ó má ṣe ga, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọ. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì dá ọmú dúró. Èyí tí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe dúró gbọ́ ìlù: ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ní ti àwọn tí ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ kí ẹbí ní Kutọnu tàbí Àjàṣẹ́, wọn yóò béèrè ìwé àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Láti oṣù mẹ́sàn-án ni a ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ yìí, ọjọ́ 10 sì ni ó gbà kí ìwé náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe fi í di ọjọ́ ìrìn-àjò kù ọ̀la. Ẹni tí yóò wọ bàálù lọ sí òkè òkun láìsí bàbá ọmọ, kí ó gba ìwé àṣẹ tí bàbá fọwọ́ sí dání. Nígbà tí bàálù bá ń gòkè, àti nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu: bí ó ti ń gbé e mì, etí rẹ̀ kò ní dùn ún púpọ̀.