Gé Ohun Tó Wù Ọ́, Má Gé Bíréèkì

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ SS 1 lẹ àwòrán máṣíìnì kan mọ́ pátákó yìí. Ṣé ẹ rántí ẹ̀? Táyà iwájú ẹ̀ jìnnà sí tẹ̀yìn bíi pé àwọn méjèèjì ń bára wọn jà, ọwọ́ ẹ̀ ga sókè bí ìwo màlúù, kò ní mọ́gáàdì, síláńsà ẹ̀ ń dán gbinrin. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé irú ẹ̀ làwọn máa fọwọ́ ara àwọn ṣe nílé tá a bá gba ìsinmi. Títí dòní, ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn ò tíì tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn olùkọ́ kan ní iṣẹ́ ọmọ ìta ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ó gbayì gan-an. Èmi náà fẹ́ dá sí i, torí pé wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ ní àgbàlá ilé wa, mo sì ti ṣubú lórí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn tú máṣíìnì palẹ̀ nílé, kó sì tún un tò bó ṣe wù ú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bíréèkì ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe síláńsà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Irú máṣíìnì inú àwòrán yẹn ni wọ́n ń pè ní chopper. Amẹ́ríkà ló ti wá. Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, tó fi mọ́ àwọn sójà tó ti ogun dé, máa ń ra máṣíìnì ńlá, wọ́n á gé gbogbo irin tó kàn wúwo lásán dànù kó lè fúyẹ́. Gígé yẹn ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa fọ́ọ̀kì iwájú gùn, wọ́n sì ń gbé ọwọ́ ẹ̀ ga. Èyí tó lókìkí jù nínú gbogbo wọn ni ti inú sinimá Easy Rider tó jáde ní 1969, tí Peter Fonda gùn. Máṣíìnì Harley-Davidson tí àwọn ọlọ́pàá ti lò, tí wọ́n wá tà ní gbàǹjo, ni wọ́n fi ṣe é. Ta ló ṣe é? Àwọn adúláwọ̀ méjì ni, Cliff Vaughs àti Ben Hardy. Wọn ò kọ orúkọ wọn sínú sinimá náà, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá káwọn èèyàn tó mọ̀ pé àwọn ni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Àwa náà ní tiwa níbí. Ẹ lọ dúró sójú ọ̀nà tó ti Ayétòrò lọ sí Ìmẹ̀kọ lọ́jọ́ ọjà, kẹ́ ẹ wo máṣíìnì àwọn tó ń kó gbágùúdá bọ̀ láti oko. Ṣọ́ọ̀kù méjì ló bá a dé láti ilé iṣẹ́, wọ́n ti fi méjì kún un. Wọ́n ti jó kárẹ́ẹ̀jì onírin mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ti paárọ̀ táyà sí èyí tó nípọn. Tẹ́ ẹ bá sì kọjá Ìdí-Ìrókò wọ ọ̀dọ̀ àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ẹ máa rí àwọn Vespa àtijọ́ tí wọ́n ti fi táńkì ńláńlá sí lára kó lè máa kó bẹntiróòlù. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe ìyẹn o, torí pé iná ni wọ́n gbé sábẹ́ ìdí. Ohun tí mò ń sọ ni pé tipẹ́tipẹ́ làwọn èèyàn agbègbè wa ti ń tún máṣíìnì ṣe kó lè bá ìlò wọn mu. Wọn ò pè é ní chopper ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé wa. Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀dá mi wà nílé, ó ń dúró de ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bàbá àgbà wa ní máṣíìnì àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń lọ oko tẹ́lẹ̀ kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà, adìẹ ti ń yé ẹyin sórí àga ẹ̀. Bọ̀dá mi tọrọ ẹ̀, wọ́n sì fún un.

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ló fi ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, mo sì wà níbẹ̀. Ó tẹ́ ẹní àtijọ́ sílẹ̀, ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, ó kó nọ́ọ̀tì ibì kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì tiẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára agolo kí wọ́n má bàa dàpọ̀. Ó fi bẹntiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ kabúrétọ̀. Ó fi bíléèdì ayùn irin wọn àlàfo ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì. Ìyá mi ń pariwo pé ọ́ìlì ti pa ewédú òun, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì yẹn kọ́kọ́ dáhùn, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró, kò dúró. Ó yọ ìrin eléyín tó wà lára táyà ẹ̀yìn, èyí tí ṣéènì ń gbà lórí ẹ̀. Eyín 42 ni èyí tó bá a dé ní, ti iwájú ní 14, ìyẹn ni pé ti iwájú á yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó fi èyí tó ní eyín 35 rọ́pò ẹ̀. Ti iwájú ò wá ju ìyí méjì àtààbọ̀ lọ mọ́ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, máṣíìnì sì lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sùn ní kíláàsì ìṣirò, ohun tí wọ́n ń pè ní ìpín nìyẹn o.

Lẹ́yìn náà, ó gbé fọ́ọ̀kì iwájú lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wọ́n jó irin mọ́ ọn kó lè gùn sí i. Okùn bíréèkì iwájú wá kúrú, kò dé ibi ọwọ́ mọ́. Owó okùn gígùn wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa ló fi rà. Ló bá yọ bíréèkì iwájú kúrò pátápátá. Ó ní, "Tẹ̀yìn ti tó."

Sátidé ni a gbé e jáde, èmi wà lẹ́yìn. Gbogbo àdúgbò ló ń wò wá. A ò tíì rìn jìnnà tí ọmọdé kan fi yọ látàárín ilé méjì, ó ń yí táyà ní ìyíkúyìí, kò tiẹ̀ wò wá. Bọ̀dá mi tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Táyà ẹ̀yìn di gan-in, ó ń yọ̀ lórí iyanrìn, máṣíìnì yí ìhà sọ́nà, ó dà wá sílẹ̀. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é, a ò dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn. Ó dúró, ó ń wò wá. Awọ ìgúnpá Bọ̀dá mi bó, ọrùn ẹsẹ̀ mi wú bí ẹ̀kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò sáré nígbà ìdíje ilé sí ilé, ìdáhùn yín nìyẹn.

Bàbá àgbà ò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, wọ́n wo táyà iwájú, wọ́n ní, "Ìjánu ẹ̀ dà?"

Bọ̀dá mi ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo yọ ọ́ ni. Okùn ẹ̀ ò dé ọ̀hún mọ́."

Wọ́n ní, "O ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, o wá bọ́ ìjánu lẹ́nu ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí tẹ̀yìn ò fi tó. Tí bọ́ọ̀sì bá dúró lójijì, ṣebí iwájú ni gbogbo wa ń ṣubú sí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti máṣíìnì. Tó bá ń dúró, ẹrù ẹ̀ á sún síwájú, táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ dáadáa, tẹ̀yìn á fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì iwájú fi ń ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Ohun kejì tún wà: tí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí máṣíìnì máa dé lẹ́yìn tó o ti tẹ bíréèkì kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Bọ̀dá mi fi eré kún un, ó sì dín bíréèkì kù. Òdìkejì ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe.

Àwọn kan á ní chopper inú sinimá yẹn náà ò ní bíréèkì iwájú. Òótọ́ ni, kò ní. Ṣùgbọ́n sinimá ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Ọ̀nà tiwa, ewúrẹ́ ń sọdá, ọmọdé ń sọdá, ihò ń dúró dè ọ́. Ká má máa ṣe ohun tí ojú ń wò lásán. Nígbà tí àjọ FRSC ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé àṣíborí ní January 2009, àwọn kan so okùn mọ́ igbá, wọ́n dé e sórí. Igbá jọ àṣíborí lójú, ṣùgbọ́n kò lè gba orí sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tẹ́ ẹ sọ pé iṣẹ́ ọmọ ìta ni, mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Ní Ayétòrò tó wà nítòsí wa níbí ni wọ́n ti dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní 1963, kí ẹ̀kọ́ ìwé àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lè jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 sínú ẹ̀kọ́ àwọn ilé ìwé girama àgbà, iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ wà nínú wọn. Nítorí náà, ohun tí àwọn ọmọ SS 1 ń fẹ́ kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe ìwà ìpáǹle. Tẹ́ ẹ bá lé wọn, wọ́n á ṣì ṣe é. Wọ́n á kàn lọ ṣe é níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé ìjánu dà.

Àbá mi nìyí. Kí ilé ìwé wa wá máṣíìnì kan tí wọ́n ti pa tì, kí wọ́n gbé e sínú yàrá Basic Technology. Kí wọ́n ké sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Poly Ìlaròó kí wọ́n máa bá wa lọ́wọ́ sí i. Kí òfin kan ṣoṣo sì wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀dà títí máṣíìnì á fi lè dúró. Ká yẹ awọ inú bíréèkì wò bóyá ó ti jẹ tán. Ká wo okùn ẹ̀ bóyá ó ti ń já. Ká wo ṣéènì, táyà, iná àti dígí. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọwọ́ ẹ̀ ga dé ojú ọ̀run, kó máa gbé e lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí máṣíìnì ilé wa wà báyìí, ó wà. Nígbà tí Bọ̀dá mi gé irin tí wọ́n jó mọ́ fọ́ọ̀kì kúrò, ó rí i pé ojú ibi tí wọ́n jó ti ń sán. Ká ní a ò ṣubú lọ́jọ́ yẹn ni, ibẹ̀ ì bá dá lọ́jọ́ mìíràn. Ó dá fọ́ọ̀kì padà sí bó ṣe wà, ó ra okùn, ó paárọ̀ awọ bíréèkì iwájú àti tẹ̀yìn. Pupa ló ṣì jẹ́, ó ṣì ń dán. Ní òwúrọ̀ Sátidé, Bàbá àgbà wa máa ń jókòó sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á dé àṣíborí, wọ́n á ní kí Bọ̀dá mi gbé àwọn lọ wo oko. Kí wọ́n tó gbéra, Bàbá á kọ́kọ́ na ọwọ́ síwájú, wọ́n á fúnra wọn tẹ bíréèkì wò.

Láti ọwọ́ ọmọ SS 2 kan, Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn