Orísun Ni Kí A Ṣọ́

Ẹni tí ó bá ṣí ẹ̀rọ omi nínú ilé rẹ̀ ní Johannesburg, ì báà ṣe ará Soweto, ì báà ṣe ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣòwò ní Hillbrow, omi tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ni ó ń mu. Nítorí wúrà ni a ṣe tẹ ìlú náà dó sórí òkè ní 1886. Kò sí odò ńlá nítòsí rẹ̀. Láti inú adágún Vaal ni ilé iṣẹ́ Rand Water ti ń fa omi wá fún un, omi òkè Lesotho sì ti ń kún un láti 1998.

Pápá ni ó bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí omi yìí ti ń wá. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, koríko a gbẹ, iná a sì máa jó. Àwọn ènìyàn a rò pé bí iná bá ti kú, ọ̀rọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí iná ti jó di ìhòòhò, àgbàrá a gbá eérú àti erùpẹ̀ lọ sínú odò: omi a dàrú, owó tí a fi ń sẹ́ ẹ a pọ̀ sí i, ẹrẹ̀ a sì máa gba àyè omi nínú adágún. Bí iná bá sì wọ ilẹ̀ àbàtà, irú èyí tí ó wà lẹ́bàá odò Klip ní gúúsù ìlú, tí ó ń ba wa gba ìdọ̀tí sílẹ̀ kí omi tó dé odò Vaal, ó lè máa jó lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Òfin kò ṣàìsí. Òfin South Africa ti 1998 lórí iná pápá àti igbó pa á láṣẹ fún onílẹ̀ pé kí ó ro ààlà ilẹ̀ rẹ̀ kí iná má baà kọjá. Ṣùgbọ́n ṣé ó tọ́ kí àgbẹ̀ nìkan ru ẹrù yìí, nígbà tí ará ìlú ń mu omi láìbéèrè ibi tí ó ti wá? Èrò tiwa ni pé kò tọ́. Kí a ya apá tí ó tó sọ́tọ̀ nínú owó omi fún ríro ààlà, fún sísun pápá lákòókò tí ó yẹ, àti fún gígé àwọn igi àjèjì tí ń fa omi gbẹ tí iná wọn sì ń gbóná jọjọ, iṣẹ́ tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ láti 1995.

Kí àwa tí a wà nílé má ṣe káwọ́ lẹ́rán. Iná ọ̀yẹ́ kò mọ ààlà; àwa tí à ń mu omi odò Ọ̀ṣun láti Aṣẹ́jìrẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ etí odò wa. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.