Kì Í Ṣe Iye Ohùn Ni Ká Fi Ra Kíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí òbí yín bá fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù sílé, ẹ má jẹ́ kí iye ohùn tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín jẹ. "Tèmi ní ohùn 400 o!" Mélòó lẹ ń lò níbẹ̀? Píánò, fèrè, ó parí.

Ẹ wo Casio CT-S200 àti CT-S300. Àwọn méjèèjì ní kíì 61, ohùn 400 àti rhythm 77. Wọ́n sì ń lo bátìrì 6, tí NEPA bá mú iná lọ. Ṣùgbọ́n CT-S300 mọ ọwọ́ líle yàtọ̀ sí ọwọ́ rírọ̀, ó tún ní pitch bend tó ń fa ohùn sókè sódò bíi ti gángan. CT-S200 kò ní ìkankan nínú méjèèjì.

Kí ló kàn mí? Orí èyí tí kò mọ ọwọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣe ni mo ń gbá a gbàgà-gbàgà, mo bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Ẹlòmíì á ní owó ni wàhálà. Òótọ́ ni, èyí tó mọ ọwọ́ máa ń wọ́n jù. Síbẹ̀, ó sàn ká fi oṣù díẹ̀ tọ́jú owó sí i ju ká kọ́ ohun tí a máa padà tún kọ́ lọ. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Bí ohùn rẹ̀ kò bá yí padà, ẹ gbé e sílẹ̀.