Kíbọ́ọ̀dù yín ń tàn yinrin, ṣùgbọ́n ṣé ẹ lè fi kọ orúkọ ara yín?

1/ Láti Ògìdì ní Ìjùmú ni mo ti ń kọ èyí, ó sì máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn fídíò "kíbọ́ọ̀dù géèmù wo ló dáa jù" ni. Wọ́n á fi Wooting wé Razer, wọ́n á fi Razer wé SteelSeries, wọ́n á fi SteelSeries wé Logitech. Mo ní ohun tí kò kàn wá ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n sì ń fo ohun tó kàn wá dá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

2/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù mẹkáníkà kì í ṣe gbájúẹ̀. Nínú kíbọ́ọ̀dù pọ́ọ́kú tó wà ní ọ́fíìsì, rọ́bà ló tẹ́ sábẹ́ gbogbo bọ́tìnì. Nínú mẹkáníkà, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ló ní súwíìṣì àti sípíríǹgì tirẹ̀. Ẹ wo Cherry MX Red ti àwọn ará Jámánì: ó lè wọlẹ̀ tó mìlímítà 4, ṣùgbọ́n tó bá ti dé mìlímítà 2, ó ti jíṣẹ́. Red máa ń lọ wọ́ọ́rọ́, Brown máa ń ta ko ìka díẹ̀, Blue sì máa ń ké pàkà-pàkà.

3/ Àwọn tó gbówó lórí jù báyìí, mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò. Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí ọgbọ́n yẹn ní 1879. Irin kò kan irin mọ́. Kíbọ́ọ̀dù kàn ń wọn ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì dé ni. Nínú Wooting 60HE ti àwọn ará Netherlands, ẹ lè ní kí bọ́tìnì jíṣẹ́ ní mìlímítà 0.1. Bí ìka yín bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, ó ti jáwọ́. Apex Pro ti SteelSeries ti ń lo mágínẹ́ẹ̀tì láti 2019. Ìmọ́lẹ̀ ni Razer Huntsman V3 Pro ń lò ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ni gbogbo wọn, mi ò ní purọ́.

4/ Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé àwọn nǹkan yìí ṣe ń yára yí. Ní oṣù keje 2024, Razer gbé Snap Tap jáde: tẹ́ ẹ bá tẹ A àti D pọ̀, èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ kẹ́yìn ló máa borí, ẹsẹ̀ yín á sì yí padà kíá nínú géèmù. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Valve ní àwọn ò fẹ́ irú ẹ̀ nínú Counter-Strike 2 mọ́. Ẹni tó bá lò ó, wọ́n á lé e jáde nínú ìdíje. Ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ torí ẹ̀ nawó, kò pé oṣù méjì tó fi di èèwọ̀.

5/ Ó kan "8,000 Hz" tí wọ́n máa ń pariwo. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kíbọ́ọ̀dù ń jábọ̀ fún kọ̀ǹpútà nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 1,000. Tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mìlísẹ́kọ́ǹdì. Kíbọ́ọ̀dù 1,000 Hz ń jábọ̀ lẹ́yìn mìlísẹ́kọ́ǹdì 1. Ti 8,000 Hz, lẹ́yìn 0.125. Èrè tó pọ̀ jù tẹ́ ẹ lè jẹ níbẹ̀ ni 0.875. Ẹ mú nọ́ńbà yẹn dání, a máa lò ó.

6/ Wáyà MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Èkó lọ sí Portugal gùn tó kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú wáyà oní-gíláàsì ń rìn tó kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 14,000. Ẹ pín in: mìlísẹ́kọ́ǹdì 70. Èkó sí Portugal nìkan nìyẹn o! A ò tíì ka Ògìdì sí Èkó, a ò tíì ka Portugal sí ìlú tí sáfà géèmù yín wà, a ò sì tíì mẹ́nu ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gòkè tó ń sọ̀.

7/ Ẹ fi 70 wé 0.875. Ìlọ́po 80 ni. Àkókò tí òkun gbà lọ́wọ́ yín fi ìlọ́po 80 ju èyí tí kíbọ́ọ̀dù olówó ńlá máa dá padà fún yín. Ọmọ kan jókòó sí Ìyàrá tàbí Kàbbà, ó ń gbá géèmù pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù, wọ́n ń yìnbọn pa á kó tó yíjú. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yẹn pé kíbọ́ọ̀dù ló ń pa á ń tà á lọ́jà ni. Jíjìnnà ló ń pa á.

8/ Ó wá kan owó. Wooting 60HE jẹ́ dọ́là 175 nígbà tó jáde. Dọ́là 1 ti ju náírà 1,000 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi 1,000 gééré ṣe ìṣirò ká má bàa bára wa jà: ₦175,000, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ gbé e dé. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Oṣù méjì ààbọ̀ nìyẹn, láìjẹ, láìmu, láìwọkọ̀. Àgùnbánirọ̀ tó ń gba ₦77,000 náà máa fi ohun tó ju oṣù méjì lọ sìn ín. Torí 0.875!

9/ Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. "Owó mi ni, kí ló kàn ọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni o, owó yín ni. Ẹni tí ìdíje géèmù ń fún lówó, tó ń gbá a lójúkojú nínú gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú alátakò rẹ̀, mi ò ní in lára. Àǹfààní kékeré lè tó o níbẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ràn ohùn rẹ̀ náà, kó gbádùn ara ẹ̀. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó gbé ẹ̀rọ síwájú èèyàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tó ní "kíbọ́ọ̀dù tó dáa jù nìyí," tí kò sì béèrè pé "fún ta ni?"

10/ Torí ìdánwò kan wà tí mi ò rí nínú àwọn fídíò yẹn rí. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó. Ẹ ní kí ẹni yẹn fi kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kó má lọ dà á kọ láti inú fóònù. Ó ń fi ẹnu sọ Yorùbá nínú fídíò látòkè délẹ̀, àkọlé tó kọ sábẹ́ ẹ̀ wá rí gbọ́rọ́ bí orí tí wọ́n fá. Ọ̀bẹ ò ṣáà ní mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

11/ Ẹ má sọ pé àmì kò ṣe nǹkan kan. "Oko mi ti baje." Kí ló bà jẹ́? Ṣé ọkọ̀ tó ń rìn ni? Ṣé ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè ni? Ṣé oko tí wọ́n gbin iṣu sí ni? Àbí ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé? Èyí tó kù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ojú ń tì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bínú sí mìlímítà 0.1 lẹ ń ju ohùn èdè odindi sínú igbó láìwẹ̀yìn.

12/ Àṣírí tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún yín rèé: kíbọ́ọ̀dù ò gbọ́ èdè kankan. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó ń rán sí kọ̀ǹpútà ò ju "wọ́n tẹ bọ́tìnì tó wà níbí" lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu lẹ́tà tó máa jáde. Ìyẹn ni pé kíbọ́ọ̀dù pọ́ọ́kú àti èyí tó tó ₦175,000 dọ́gba níwájú ẹ́ àti ọ̀. Ètò tí ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà ló máa yà wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni ètò náà.

13/ Ọ̀fẹ́ ni mo wí. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní YorubaName ti ṣe ètò ìtẹ̀wé Yorùbá àti Ìgbò fún Windows àti Mac, wọn ò gba kọ́bọ̀. Windows fúnra rẹ̀ ní Yorùbá nínú àwọn èdè ìtẹ̀wé rẹ̀. Gboard ní Yorùbá lórí fóònù. Ìdí tí mo fi ń bínú gan-an nìyẹn: ohun tó sòro ni wọ́n ń kọ́ wa ní owó ẹ̀, ohun tó rọrùn ni wọ́n ń fi pa mọ́.

14/ Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé aláwọ̀ dúdú ò ronú kan kíbọ́ọ̀dù rí. Ilé-iṣẹ́ LANCOR, tí Adé Oyègbọlá jẹ́ olórí rẹ̀, ti ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin fún àwọn èdè Nàìjíríà, bọ́tìnì Shift mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀ kí àmì lè rọrùn láti tẹ̀. Ní 2007, wọ́n pe àjọ OLPC, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ iléèwé, lẹ́jọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n ní wọ́n wo iṣẹ́ àwọn ṣe. OLPC ní irọ́ ni. Ẹjọ́ yẹn kọ́ ni tèmi. Tèmi ni pé ẹ mọ orúkọ súwíìṣì mẹ́wàá, ẹ ò gbọ́ orúkọ Konyin rí.

15/ Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ o. Nínú Unicode, ìyẹn ìwé ńlá tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà gbogbo ayé, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ ò ní. Lẹ́tà àti àmì ni wọ́n ń so pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí àwọn fọ́ńtì kan, bíi fìlà tó fẹ́ jábọ́. Ẹni tó bá ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀rọ ní Yorùbá, ibẹ̀ ló yẹ kó máa fọwọ́ tọ́ka sí.

16/ Ní Ògìdì níbí, àwọn obìnrin ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró gbọnrangandan sára ògiri. Mama Nike Òkúndayé, tí ayé ń tọrọ àyè láti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ìlú yìí ni wọ́n ti wá. Mi ò tíì rí oníbàárà tó wọlé tó ní "ẹ jẹ́ kí n rí òfì yín, mélòó lẹ rà á?" Aṣọ ni wọ́n ń tú wò. Wọ́n á fà á, wọ́n á gbé e sí ojú oòrùn, wọ́n á wo etí ẹ̀. Irinṣẹ́ kò níyì ju ohun tó bá tinú ẹ̀ jáde lọ.

17/ Kí ló ń tinú kíbọ́ọ̀dù yín jáde? Ìbéèrè tí mo ní kò ju ìyẹn lọ. Èmi, àkọlé àti ọ̀rọ̀ fídíò ni mo ń kọ jẹun. Àwọn oníbàárà kan á ní "má fi àmì sí i, àwọn èèyàn á yé e." Wọ́n á san owó Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó fi kọ́mà síbi tó yẹ, wọ́n á wá ní àmì Yorùbá jẹ́ àṣejù. Ibo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Lọ́dọ̀ wa ni. Àwa la kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé kò ṣe pàtàkì.

18/ Kò sì parí síbẹ̀. Ohun tí à ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ni àwọn ẹ̀rọ ń kà láti fi kọ́ èdè wa. Tá a bá fún wọn ní Yorùbá tí kò lóhùn, Yorùbá tí kò lóhùn ni wọ́n máa bá àwọn ọmọ wa sọ. Ti Yorùbá gbogbogbòò ṣì sàn, àwọn ìwé rẹ̀ pọ̀. Èdè Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Yàgbà ńkọ́? Ta ló ń tẹ̀ wọ́n? Ìyá wa àgbà ń sọ ọ́, àwa ń gbọ́ ọ, ọwọ́ wa ò sì gbé e sórí ojú ẹ̀rọ.

19/ Torí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tẹ́ ẹ ń ṣe fídíò, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa dán wò nìyí. Ìkíní: ṣé a lè yọ súwíìṣì rẹ̀ pààrọ̀ láìjó o ní iná, kó má bàa di àkísà tí bọ́tìnì kan bá kú? Ìkejì: ṣé a lè tún bọ́tìnì rẹ̀ tò fúnra wa? Àwọn tó ń lo QMK tàbí VIA, bíi Keychron Q1, gbà yín láyè. Ẹ lè gbé àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sí abẹ́ àtàǹpàkò yín.

20/ Ìkẹta: ṣé orí bọ́tìnì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀? Èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ àgbélébùú bíi ti Cherry ń gba orí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹnìkan nínú yín tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D lè ṣe Ẹ, Ọ àti Ṣ kó sì tà á. Màá rà. Ìkẹrin, èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ tẹ gbólóhùn Yorùbá kan tó lámì pípé lórí ẹ̀ níṣojú wa, kẹ́ ẹ sì ka iye ìgbà tí ìka yín lọ tó bọ̀.

21/ Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ ra Wooting, kó rà á, kó máa tàn yinrin nínú yàrá ẹ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ fi ètò ìtẹ̀wé Yorùbá sórí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín, bó ti wù kó gbó tó. Ẹ wá kọ orúkọ yín àti orúkọ ìlú yín sábẹ́ ibí yìí, pẹ̀lú àmì. Ẹni tí kò bá dá a lójú, kó béèrè, a ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ ká rí aṣọ tẹ́ ẹ hun.