Iyanrìn Èbúté Douala: Ta Ni Yóò Gbẹnu Ẹyẹ Sọ̀rọ̀?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í yé ẹyin sójú ọ̀run. Àwọn ẹyẹ etí omi kan wà tí kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi rárá. Orí iyanrìn gbalasa ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wa kòtò péńpé, tí wọ́n sì ń yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti iyanrìn sí. Ẹni tó ń kọjá lọ lè tẹ ẹyin náà mọ́lẹ̀ kí ó má mọ̀. Etíkun, ẹnu odò àti òkìtì iyanrìn tí àwọn ẹyẹ yìí ń yé sí, òun náà ni ìjọba àti oníṣòwò ń dù. Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ di ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Cameroon. Odò Wouri ni èbúté rẹ̀ wà, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ ibẹ̀ láti òkun sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Port autonome de Douala, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ló ń ṣàkóso rẹ̀. Chad àti Central African Republic, tí kò ní etíkun, gbára lé e. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn kì í yé dí ọ̀nà omi náà. Bí wọn kò bá ń gbẹ́ ẹ, ọkọ̀ ńlá kò ní wọlé. Yàtọ̀ sí èyí, iyanrìn odò Sanaga ni àwọn kọ́lékọ́lé ń wá lójú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì iyanrìn tó ń yọ síta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nínú irú odò bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ ń yé sí.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn nínú. Àwọn Potogí ló sọ Wouri ní Rio dos Camarões, ìyẹn odò edé, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ Cameroon ti wá. Orílẹ̀-èdè tó gba orúkọ lára ẹ̀dá inú omi kò yẹ kó gbàgbé ẹ̀dá etí omi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Cameroon nìkan. Kóòtù Àgbáyé ti pààlà Bakassi láàárín wa ní 2002, ṣùgbọ́n ẹyẹ kò gbọ́ ìdájọ́ náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àjọ IUCN kéde pé ewu ti pọ̀ sí i fún irú ẹyẹ etí omi 16 tó máa ń ṣí kiri. Ọ̀nà jíjìn réré ni púpọ̀ nínú wọn ti ń yé, ṣùgbọ́n àwọn kan lára wọn ń wá jẹun ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹnìkan lè bi wá pé: nígbà tí ebi ń pa ènìyàn, kí ló kàn wá kan ẹyẹ? Ìbéèrè náà tọ́. Èkó ni yóò dá a lóhùn. Ní 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta sí ẹnu èbúté Èkó kí ọkọ̀ lè máa wọlé. Ògiri náà dínà iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, òkun sì ń jẹ Bar Beach lọ díẹ̀díẹ̀ títí omi fi ń ya wọ ìgboro Victoria Island. Iyanrìn tí ẹyẹ ń yé sí, òun kan náà ni odi tó ń dáàbò bo ilé ènìyàn. Bí ẹyẹ bá ti pàdánù ibùgbé rẹ̀, kí onílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Èmi kò sọ pé kí Douala má gbẹ́ odò rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí a ń da iyanrìn náà sí, àti àkókò tí a ń wà á, jẹ́ ìpinnu ìṣèlú. Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Poplar Island mì tán. Ní 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti tún un kọ́ pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń gbẹ́ jáde lójú ọ̀nà ọkọ̀ èbúté Baltimore. Lónìí, ẹyẹ etí omi ti padà wá ń yé níbẹ̀, èbúté náà kò sì tìtorí ẹyẹ kógbá sílé.

Òfin kò wọ́n wa. Cameroon ní òfin àyíká ti ọdún 1996. Nàìjíríà ní òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká láti 1992. Ohun tó kù ni kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé agbaṣẹ́ṣe kò gbọdọ̀ wa òkìtì iyanrìn nígbà tí ẹyẹ ń sàba, pé kí a ya apá kan iyanrìn tí a gbẹ́ sọ́tọ̀ fún títún etíkun ṣe, àti pé kí a tẹ àdéhùn náà jáde kí ará ìlú lè kà á.

Láti 2023 ni a ti ní èbúté tuntun ní Lẹ́kìí àti iléeṣẹ́ mínísítà tó ń rí sí ọrọ̀ ajé inú omi. Kí àwọn aṣòfin wa bi í léèrè kí ó tó buwọ́ lu àdéhùn iyanrìn mìíràn: níbo ni ẹ fẹ́ da iyanrìn náà sí, ta ni yóò sì pàdánù ibùgbé rẹ̀ nítorí rẹ̀?