Ìwé Ìlànà Tó Ti Di Ti Àná

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti oníṣòwò Sẹ̀kọ̀nà, ẹ yẹ bébà ìlànà fóònù tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ìsọ̀ yín wò. Bó bá ṣì ní *556# la fi ń wo owó tó kù lórí MTN, ti àná ni. Àjọ NCC ti pàṣẹ pé, ó pẹ́ tán, láti ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, 2023, kí gbogbo iléeṣẹ́ fóònù máa lo nọ́ńbà kan náà: *310# fún owó tó kù, *312# fún dátà. Áàpù báǹkì náà kì í dúró sójú kan. Ẹni tí ìwé bá ṣì lọ́nà ló máa ń na fóònù sí àjèjì pé, “Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́.” Ibẹ̀ lowó ti ń bá olè lọ! Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ máa kọ déètì sórí ìwé ìlànà, kí akọ̀wé máa dán an wò lóṣooṣù, kí a sì ya ti àtijọ́ dànù. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́.