Òkúta Tiwọn, Òkúta Tiwa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó pẹ́ tí mo ti ń gbé e mì. Lónìí, n ó sọ ọ́.

Ní àdúgbò wa ní Ìkẹjà GRA níbí, àwọn tí ó rí owó ná a máa lo ìsinmi wọn nínú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Southampton, wọn a wọ bọ́ọ̀sì lọ wo Stonehenge, àwọn òkúta ńláńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbé nàró ní pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn. Òjò a pa wọ́n níbẹ̀. Okùn a tún dí wọn lọ́nà, nítorí láti òpin àwọn ọdún 1970 ni a kò ti jẹ́ kí èrò máa rìn láàárín òkúta náà bí ó ti wù wọ́n. Síbẹ̀ wọn a padà dé, wọn a fi fọ́tò hàn wá, wọn a ní ohun àrà ni. N kò bá wọn jiyàn. Ohun àrà ni.

Ibi tí a bá ti dárúkọ Ilé-Ifẹ̀ tàbí Èsìẹ́ ni ìjà mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo pe àwọn aládùúgbò mẹ́ta nínú oṣù Agẹmọ pé kí á jọ lọ. Ọ̀kan ní òjò ń rọ̀. Èkejì ní òkúta lásán ni, ta ni ó tilẹ̀ mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ? Ẹ̀kẹta ní onígbàgbọ́ ni òun, òun kò lè lọ fi ojú kan òrìṣà.

Ti òjò kò gba àríyànjiyàn. Òjò kan náà ni ó pa wọ́n lókè òkun.

Ní ti ẹni tí ó gbẹ́ ẹ: ní Èsìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ère tí ó ju 800 lọ ni ó wà níbẹ̀, tí a gbẹ́ láti ara òkúta tí ó rọ̀ bí ọṣẹ. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Àwọn kan jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́, ilà ojú àti irun dídì sì hàn kedere lára wọn. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Ní 1933, H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, rí wọn, ó sì ròyìn wọn fún ayé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kọ́ fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lóòótọ́, a kò mọ orúkọ àwọn agbẹ́gilére inú òkúta wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ orúkọ ẹnì kan péré nínú àwọn tí ó gbé Stonehenge nàró? Bí àìmọ̀ bá jẹ́ ti òyìnbó, àdììtú ni. Bí ó bá jẹ́ tiwa, òkúta lásán.

Onígbàgbọ́ wa ni ó yà mí lẹ́nu jù. Títí di òní, àwọn kan ń péjọ sí Stonehenge ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù Òkúdù láti kí oòrùn pẹ̀lú ètùtù tiwọn. Ọkùnrin yìí ti wọ ẹ̀wù òjò dúró níbẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì dànù. Ọ̀pá Ọ̀rányàn ni ó wá fẹ́ dà á nù? Akọ òkúta tí ó ga ju mítà 5 lọ, tí a kan ìṣó irin mọ́ lára létòlétò! Àwọn àgbà Ifẹ̀ ní ọ̀pá Ọ̀rányàn, jagunjagun tí ó tẹ Ọ̀yọ́ dó, ni. Wíwò yàtọ̀ sí bíbọ.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀nà ń ba òun lẹ́rù, n kò bá a jà. Ìjọba ni kí ó dáhùn ìyẹn. (Òpópónà Sóbọ̀ Aróbíodu wà ní GRA yìí kan náà. Ẹ bi àwọn tí ń gbé ibẹ̀ bí wọ́n bá mọ̀ pé akéwì Ẹ̀gbá ni.)

Àwọn ọmọ ni ó ń dùn mí. Ní Èsìẹ́, ọmọ lè fi ìka tọ́ ilà àti irun tí kò sí lórí ẹnikẹ́ni mọ́ ní Ìkẹjà, kí ó sì béèrè orúkọ wọn ní Yorùbá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa kó àwọn ọmọ lọ sí Dubai. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi Èsìẹ́ kún un. Wọn kò tíì fèsì.